Ohun Tí Sẹ́ẹ̀lì NK Ń Wò Kí Ó Tó Pa

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ pípa. NK ni àwọn onímọ̀ ń pè é, apani tí a bí iṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe kòkòrò àrùn gan-an ló ń pa. Sẹ́ẹ̀lì ara, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń pa: èyí tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ tí ó sì ti sọ di ibùgbé, àti èyí tí ó ti ń yà sọ́nà jẹjẹrẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní lymphocyte nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, nǹkan bí 5 sí 15 ló jẹ́ NK. Ojúgbà rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T, máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dá ọ̀tá tí kò rí rí mọ̀, kí ó sì pọ̀ tó láti bá a jà. NK kì í dúró bẹ́ẹ̀. Oró rẹ̀ ti wà nínú àpò kéékèèké nínú ara rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbó. Ó ń rìn kiri pẹ̀lú ohun ìjà tí a ti kì sílẹ̀, ó sì ń fara kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ilé lójoojúmọ́. Ìbéèrè tí èyí ń bí ju ti ìṣègùn lọ. Kí ló yẹ kí ẹni tí a fún ní agbára ikú mọ̀ nípa ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó lo agbára náà? Ṣé àmì ìdílé onítọ̀hún ni, àbí ohun tí ó ń ṣe?

Ìlú díẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti kàn gbọ̀ngbọ̀n bí ó ti kan Jos, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí àjọ Human Rights Watch ti ṣírò rẹ̀, àwọn tí ó kú tó ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n dí ojú ọ̀nà, wọ́n ń bi èrò léèrè ẹ̀sìn tí ó ń ṣe, ìdáhùn rẹ̀ ló sì ń sọ bóyá yóò kọjá tàbí kò ní kọjá. Lábẹ́ ìjà ẹ̀sìn náà ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ wà. Àwọn Berom, Anaguta àti Afizere ni wọ́n ń pe ara wọn ní onílẹ̀; iṣẹ́ ìwakùsà tánganran ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló kó Hausa, Yorùbá, Igbo, Urhobo àti àwọn mìíràn wá sórí òkè náà lọ́pọ̀ yanturu. Ọmọ-ọmọ wọn tí a bí sí Jos, tí kò mọ ìlú mìíràn, lè dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n má fún un ní ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀, àwíjàre kan kì í pẹ́ yọjú: bí ìṣẹ̀dá ṣe rí nìyẹn, ara pàápàá kì í gba àjèjì. Àwíjàre náà tó ohun tí à ń yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé ohun tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí lára NK jọ pé ó gbè é lẹ́yìn.

Ọdún 1975 ni ìmọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì yìí fìdí múlẹ̀. Ní Karolinska Institutet ní Stockholm, Rolf Kiessling, Eva Klein àti Hans Wigzell rí i pé nínú ara eku tí kò bá jẹjẹrẹ pàdé rí, sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láìjẹ́ pé ohunkóhun ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ronald Herberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà ń rí lára ẹni tí ó ń pa. Àmì àjèjì ni ọ̀pọ̀ ń wá. Klas Kärre, tí ó ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Karolinska ní ọdún 1981, yí ìbéèrè náà padà: bóyá kì í ṣe ohun tí ó wà lára wọn ló ń ru NK sókè, bóyá ohun tí kò sí ni.

Ohun tí ó ní lọ́kàn ni àwọn purotéènì tí a ń pè ní HLA lára ènìyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń gbé ìpele kìn-ín-ní HLA sójú. Kò sí ohun tí ó yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹnìkejì nínú àjogúnbá ènìyàn tó o. Láàárín àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ó ṣòro kí ẹni méjì ní HLA kan náà délẹ̀. Orí HLA yìí ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń ka ohun tí ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé HLA ló ń gbé èérún fáírọ́ọ̀sì jáde fún un láti rí. Nítorí náà, fáírọ́ọ̀sì tàbí jẹjẹrẹ tí ó bá gbọ́n a máa fa HLA wálẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì T má bàa rí nǹkan kan kà. Èrò Kärre ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni NK ń dúró dè: sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àmì ilé mọ́. Ní ọdún 1986, òun, Hans-Gustaf Ljunggren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Nínú ara eku, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó ní àmì ilé yè, ó sì dàgbà. Èyí tí ó pàdánù àmì náà kú.

Ẹni tí ó bá mọ orí kejìlá ìwé Ẹ́kísódù yóò rí ohun tí ó jọ èyí níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì máa kúrò ní Íjíbítì, ilé tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára òpó ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni ikú rékọjá. Apanirun náà kò wọlé lọ yẹ ìwà àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ wò. Àmì ló wò. Ilé tí kò ní àmì, yálà ti ọba ni tàbí ti ẹlẹ́wọ̀n, àkọ́bí rẹ̀ kú. Àwọn onísìn ti bá ìtàn yìí jìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́: báwo ni àmì lásán ṣe lè dúró fún ìdájọ́ òdodo? Bí èrò Kärre bá jẹ́ gbogbo òtítọ́ nípa NK, ìbéèrè náà dé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nìyẹn, ìdènà ojú ọ̀nà Jos yóò sì rí ẹlẹ́rìí tí ó lágbára.

Apá kan nínú òtítọ́ ni. Lójú sẹ́ẹ̀lì NK ni àwọn purotéènì tí ń gbàròyìn wà, àwọn kan fún ìdádúró, àwọn kan fún ìtanijí. Wayne Yokoyama àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ rí ọ̀kan lára àwọn ti ìdádúró lára eku ní ọdún 1992. Lára ènìyàn, ìdílé purotéènì tí a ń pè ní KIR ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ń di HLA mú tààrà, pàápàá oríṣi C. Òmíràn, NKG2A, ń wo HLA-E, iṣẹ́ tirẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Èérún tí a gé lára àwọn HLA yòókù ni HLA-E máa ń gbé dání. Bí àwọn yòókù kò bá sí, òun náà kì í dúró lójú sẹ́ẹ̀lì. Nípasẹ̀ HLA-E nìkan, NK ti mọ̀ bóyá gbogbo agboolé HLA ṣì wà ní ìdúró.

Bí agbàròyìn ìdádúró bá ti rí HLA dì mú, a ó lẹ fọ́sífétì mọ́ ibì kan ní ìdí rẹ̀ tí ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ITIM. Ibẹ̀ ni yóò ti pe énsáìmù SHP-1, tí yóò bọ́ fọ́sífétì kúrò lára Vav1, purotéènì tí ó wà ní ìpìlẹ̀ ìtanijí. Ọ̀rọ̀ ìkọlù yóò gé kúrò láti orísun. Ohun méjì ló yẹ kí á dúró wò dáadáa níbí. Èkíní, ìdílé énsáìmù kan náà tí ń lẹ fọ́sífétì láti bẹ̀rẹ̀ ìkọlù ló ń lẹ ti ìdádúró. Àánú, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oorun. Iṣẹ́ ni, ó sì ń ná agbára. Èkejì, ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ti fara kanra nìkan ni ìdádúró náà ti múlẹ̀. NK tí ó dá ẹnìkan sí lónìí kò sọ ara rẹ̀ di arọ. Ó lè yíjú sí aládùúgbò onítọ̀hún kí ó sì pa á ní ìṣẹ́jú tí ó tẹ̀ lé e. Olúkúlùkù ló ń gba ìdájọ́ tirẹ̀.

Ibi tí èrò àmì ti kọsẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó ti gbó nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní HLA ìpele kìn-ín-ní rárá, ó ń bá NK rìn nínú òpó ẹ̀jẹ̀ kan náà lọ́sàn-án lóru, NK kò sì fọwọ́ kàn án. Bí àìní àmì bá tó ẹ̀ṣẹ̀ ikú, kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ì bá kù lára rẹ̀. Ohun tí ó gba sẹ́ẹ̀lì pupa là ni pé kò sí ohun kankan lára rẹ̀ tí ń ta NK jí. Pé ìdádúró kò sí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀sùn ti wà.

Ẹ̀sùn ní àwọn agbàròyìn tirẹ̀. NKG2D ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ohun tí ó ń wò ni MICA, MICB àti àwọn ULBP, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá kì í sábà gbé sójú, ṣùgbọ́n tí ó máa ń yọ síta nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń da inú rẹ̀ rú, tí DNA rẹ̀ bá fàya, tàbí tí ó bá ń pín láìgbọ́ràn. NKp30, NKp44, NKp46 àti DNAM-1 náà ń wá ẹ̀rí tiwọn. CD16 yàtọ̀: òun ń di ìrù àńtíbọ́dì mú, nítorí náà ó ń gbé ìdájọ́ rẹ̀ ka ẹ̀rí tí ẹlòmíràn ti kó jọ. Lára àwọn wọ̀nyí, CD16 nìkan ló lè dá fi agbára ti NK tí ń sinmi sí ìkọlù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìṣẹ́ Eric Long ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé àwọn yòókù gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan ní méjì-méjì kí oró tó jáde. Ẹlẹ́rìí kan kò tó. Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó pa ẹnikẹ́ni. Òfin Ìsìláàmù náà kì í fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ṣe ẹjọ́ tí ó bá kan ẹ̀mí. Ìjọra náà kò fi ohunkóhun múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wú ni lórí.

Bí ẹ̀sùn bá wúwo ju ìdádúró lọ, NK yóò lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, yóò sún àpò oró rẹ̀ lọ sí ojú ibi tí wọ́n ti fara kanra, yóò sì tú u sílẹ̀. Perforin á lu ara onítọ̀hún ní ihò, granzyme á wọlé, á sì rọ sẹ́ẹ̀lì náà láti pa ara rẹ̀. NK á já ara rẹ̀ gbà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà kan náà ó ń tú interferon-gamma síta láti pe àwọn yòókù sí iṣẹ́. Àwọn èròjà bíi IL-12, IL-15 àti IL-18, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń rán jáde nígbà àìsàn, lè mú kí ẹ̀rí tí kò tó tẹ́lẹ̀ tó. Bí ìlú bá dàrú, ọwọ́ apani á yá. Nínú ara pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ta ló wá kọ́ NK ní ìkóra-ẹni-níjàánu? Orí kúrómósómù 19 ni KIR wà, HLA wà lórí 6, a sì ń jogún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ènìyàn lè jogún ojú tí ń ka àmì kan, kí ó má jogún àmì náà. Nínú ara olúkúlùkù, àwọn NK kan wà tí kò ní agbàròyìn kankan tí ó bá àmì ilé mu. Ẹni tí ó bá ronú lé e yóò wí pé irú wọn ni yóò máa pa tọ̀tún tòsì. Òdìkejì rẹ̀ ni ìwádìí rí. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Yokoyama fi hàn pé NK tí kò bá ti fara kan àmì ilé nípasẹ̀ agbàròyìn ìdádúró nígbà tí ó ń dàgbà máa ń ya ọ̀lẹ: bí a tilẹ̀ ta á jí, kì í fi gbogbo agbára dáhùn. Bí ọ̀gá ọdẹ ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní ohun tí kò gbọdọ̀ yìnbọn sí kí ó tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ara kì í fi oró tí ó pé rán ẹni tí kò mọ ìdádúró níṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa NK, èyí ni ó jinlẹ̀ jù. Agbára láti pa àti agbára láti dá sí kì í ṣe ohun méjì tí ń bá ara wọn jà. Inú èkejì ni èkíní ti ń gba ìwúwo rẹ̀.

Ìtàn Káínì wúlò ju ti Ẹ́kísódù lọ fún ohun tí ó kù. Àwọn ẹ̀sìn méjèèjì tí ó wà ní Jos ló ní i. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Káínì pa àbúrò rẹ̀, Ọlọ́run sì fi àmì sí i lára kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á. Nínú Kùránì, ìtàn àwọn ọmọ Ádámù méjèèjì wà nínú Súrà karùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ tí ó ka pípa ẹnìkan láìtọ́ sí pípa gbogbo ènìyàn, tí ó sì ka dídá ẹ̀mí kan sí sí dídá gbogbo ènìyàn sí. Káínì ní àmì, ó sì jẹ̀bi. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ọmọ ilé ni wọ́n, HLA wọn pé, a kò bí wọn sí ibòmíràn. Bí NK bá rí wọn pa, ẹ̀rí ìṣe wọn ni, MICA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó borí àmì ìdílé. Jẹjẹrẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń gé MICA kúrò lójú ara wọn, wọ́n á tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láti dí NKG2D lójú.

Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ a máa yí ìwé-ẹ̀rí. Cytomegalovirus ń ṣe purotéènì UL18 tí ó jọ HLA, ó sì tún ń pèsè èérún UL40 tí HLA-E lè gbé dání, kí NKG2A lè rò pé àlàáfíà ni. HIV gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: purotéènì rẹ̀ Nef ń fa HLA-A àti B wálẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì T má ríran, ṣùgbọ́n ó fi HLA-C àti E sílẹ̀ kí NK má bínú. Níbi tí àmì bá ti jẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí ìyè, ayédèrú àmì yóò wà. Nínú ọmọbìnrin kan tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, tí kò ní NK rárá, àwọn fáírọ́ọ̀sì ìdílé Cytomegalovirus, tí ó fi mọ́ ti ìgbóná olómi tí ń ṣe àwọn ọmọdé, ṣe é bí ẹni pé kò sí odi lára rẹ̀ mọ́.

Jos ní àrùn kan tí ó so mọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn ìṣègùn àgbáyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé Laura Wine, nọ́ọ̀sì ajíhìnrere láti abúlé Lassa ní àríwá ìlà-oòrùn, wá sí ilé ìwòsàn Evangel ní Jos. Ó kú ní ọjọ́ kejì tí ó dé. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kú ní oṣù kejì. Lily Pinneo, tí ó tọ́jú àwọn méjèèjì, ṣàìsàn pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè é. Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tuntun ní Yunifásítì Yale, tí wọ́n fi orúkọ abúlé náà pè. Àrùn náà padà sí Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé ìwòsàn kan náà. Dókítà Jeanette Troup, tí ó ti ṣe àyẹ̀wò òkú àwọn tí àrùn náà pa kí àṣírí rẹ̀ lè tú, kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún náà. Àjèjì ni àwọn wọ̀nyí ní Jos. Kò sí ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ibà Lásà fi bí ìtanijí nìkan kò ṣe tó hàn. Purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà tí a ń pè ní NP ń jẹ RNA olókùn méjì tí ì bá jẹ́ ìpè ogun, bẹ́ẹ̀ ni interferon kì í fi í jáde lákòókò. Ẹgbẹ́ Sylvain Baize ní ilẹ̀ Faransé kó macrophage ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì tí Lásà fẹ́ràn láti wọ̀, pọ̀ mọ́ NK nínú ìgò àyẹ̀wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. NK jí dáadáa, ó pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ láti pa sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì ròkè. Síbẹ̀ kò pa macrophage tí fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà kò sì dínkù. Ẹni tí inú ń bí kò tíì di ẹni tí ó mọ ọ̀tá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àjèjì ti wá yí padà pátápátá ni ilé ọmọ. Oyún gbé ìdajì àjogúnbá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Lójú ìyá, àjèjì ni ìdajì náà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó wà nínú awọ ilé ọmọ ló jẹ́ NK. Wọn kì í pa á. Sẹ́ẹ̀lì ibi-ọmọ tí ń wọ inú ara ìyá kì í gbé HLA-A àti B sójú. C, E àti G ló ń gbé, C náà sì lè jẹ́ ti bàbá. NK tí ó rí wọn ń tú èròjà jáde tí ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí agbàròyìn ìdádúró ìyá bá di C ti bàbá mú ju bí ó ti yẹ lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ̀ tó, ìyá náà sì lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún tí ń pa ìyá tí ń pa ọmọ. Ashley Moffett àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ṣàlàyé èyí ní ọdún 2004. Annettee Nakimuli, dókítà ará Uganda, sì bá wọn fi hàn ní ọdún 2015, láti ara àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n pé KIR tí ń dáàbò bo àwọn ìyá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará Yúróòpù. Nínú ilé ọmọ, iṣẹ́ tí apani ń ṣe fún àjèjì ni láti la ọ̀nà fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ ìdádúró di gbogbo ìwà rere. Ní ọdún 1999 ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan tí a bí láìní perforin tí ń ṣiṣẹ́ máa ń ní àrùn líle kan: NK àti sẹ́ẹ̀lì T wọn rí ọ̀tá, wọn kò lè pa á, wọn kò sì lè ṣíwọ́. Wọ́n á máa tú èròjà ìbínú síta títí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà yóò fi bàjẹ́. Ẹjọ́ tí a kò lè parí máa ń jẹ ilé run. Láti ìhà kejì, wọ́n ti dán oògùn monalizumab, tí ń dí NKG2A kí NK lè gbóná sí jẹjẹrẹ, wò lára àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní orí àti ọrùn. Ìwádìí ńlá tí ó yẹ kí ó fi àǹfààní rẹ̀ hàn kò rí i, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 2022. Mímú ìjánu kúrò kò tó láti sọ ẹṣin di ẹni tí ó mọ̀nà.

Frank Macfarlane Burnet, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960, ló fi ọ̀rọ̀ ara ẹni àti ti àjèjì sí ìdí ìmọ̀ àjẹsára. Polly Matzinger dá a lóhùn ní ọdún 1994 pé ewu ni ara ń wò, kì í ṣe àjèjì. Ní ọdún yẹn kan náà, Alfred Tauber, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ ìwé láti béèrè bóyá ìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ ara ẹni yìí tàbí àpèjúwe lásán tí a yá láti inú ìgbé ayé ènìyàn. Àpèjúwe náà ti rìn padà láti inú sáyẹ́ǹsì sí inú ìlú, ó sì ti ṣe ibi: ìjọba Násì ní Jámánì pe àwọn Júù ní kòkòrò àrùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. David Hume ti kìlọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé láti inú bí nǹkan ṣe rí, kò sí ẹni tí ó lè fa bí ó ṣe yẹ kí ó rí yọ láìfi nǹkan mìíràn kún un. Ìkìlọ̀ náà dúró. Sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹ̀rí ọkàn, kò sì sí ìlànà tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba òfin.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tiẹ̀ ta ìkìlọ̀ Hume nù, tí ó tẹnu mọ́ ọn pé ara ni òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kò sí níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní àmì, ó ń rìn lálàáfíà. Jẹjẹrẹ ní àmì, ìṣe rẹ̀ ló sì ń dá a lẹ́bi. Fáírọ́ọ̀sì ń yí àmì. Oyún jẹ́ àjèjì, a ń la ọ̀nà fún un. Èrò Yorùbá nípa ohun tí ènìyàn jẹ́ kò jìnnà sí èyí: ara, ọkàn, ẹ̀mí àti orí ni a fi ń dá ènìyàn, bí Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin ti tò wọ́n nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1991, ṣùgbọ́n ìwà ni a fi ń mọ ọmọlúàbí, kì í ṣe ìlú tí a bí i sí.

Abala 42 nínú Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ọmọ orílẹ̀-èdè nítorí ẹ̀yà, ibi tí ó ti wá tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Abala 147 nínú òfin kan náà sì ní kí mínísítà tí a bá yàn láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀. Orí ìtakora yìí ni ìlú bíi Jos ń gbé. Àwọn aṣòfin ló ni iṣẹ́ láti tún un ṣe, iṣẹ́ náà kò sì ní dúró de sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2001, nígbà tí ìjà ń lọ, àwọn kan ní Jos fi aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ pamọ́ sínú ilé wọn títí ó fi rọlẹ̀. Ẹni tí ó dúró sí ìdènà ojú ọ̀nà tí ó ń bèèrè ẹ̀sìn àti ìlú bàbá kí ó tó dá ẹ̀mí sí kò lè pe ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ara rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí.